Kí ẹ tó pè é ní ekòló tàbí ìgbín, ẹ wo inú rẹ̀ ná

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú làálàá ìwé ìròyìn Yorùbá tẹ́ ẹ ò jẹ́ kó kú mọ́ wa lójú. Ọ̀fà ni mo ti ń kọ lẹ́tà yìí. Ọ̀rọ̀ mi dá lórí fọ́tò òkúta tẹ́ ẹ gbé sí ojú ìwé àwọn akẹ́kọ̀ọ́, èyí tó ní páìpù funfun wẹ́wẹ́ tó lọ́ mọ́ra wọn lára, tẹ́ ẹ wá kọ sábẹ́ ẹ̀ pé "ekòló ayé àtijọ́ tó ti di òkúta". Kò pẹ́ sígbà yẹn tẹ́nì kan kọ̀wé sí yín láti Ìlọrin pé irọ́ ni, pé ìgbín ni, torí ó ká, àti pé ekòló kì í ní ìkarahun. Ẹ tẹ lẹ́tà yẹn jáde láìfi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tì í, báyìí àwọn ọmọ ilé ìwé tó ń ka pépà yín ládùúgbò wa ti pín sí méjì, àwọn kan ní ekòló, àwọn kan ní ìgbín, wọ́n sì ti ń bú ara wọn lórí WhatsApp.

Èmi ò ní gbè sẹ́yìn ẹnì kankan. Ohun tí mo rí sọ ni pé kò sẹ́ni tó lè fi fọ́tò yẹn mọ̀ ọ́n, ì báà jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n, torí ẹ̀yìn páìpù nìkan lẹ yà, bẹ́ẹ̀ inú ẹ̀ àti ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ ló ń sọ ẹni tó kọ́ ọ.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ tiyín. Ẹ ní ekòló ló di òkúta. Kódà kó jẹ́ pé ekòló òkun ló ni páìpù yẹn, kì í ṣe ekòló fúnra ẹ̀ lẹ rí nínú fọ́tò, ilé ẹ̀ ni. Ara ekòló rọ̀, bó bá ti kú báyìí, jíjẹrà ló kàn, tàbí kí nǹkan mìíràn jẹ ẹ́. Páìpù yẹn ti le láti ìgbà tí ẹni tó ni ín ti wà láàyè, kálísíọ̀mù kábónéètì ni, ohun kan náà tó wà nínú èèpo ẹyin adìẹ àti ìkarahun ìgbín, ẹrẹ̀ òkun ló wá bò ó mọ́lẹ̀ tí ẹrẹ̀ náà sì le tẹ̀lé e. Mo mọ̀ pé "ó di òkúta" máa ń dùn létí àwa ará Kwara, ẹni tó bá ti dé Èsìẹ́ rí á ti gbọ́ ìtàn àwọn àlejò tó di òkúta lọ́jọ́ kan ṣoṣo, bẹ́ẹ̀ èèyàn ló jókòó gbẹ́ àwọn ère yẹn láti ara òkúta rírọ̀, wọ́n lé ní ẹgbẹ̀rún kan, mùsíọ́ọ̀mù tí wọ́n kọ́ fún wọn ní 1945 ló sì jẹ́ àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Ìtàn yẹn dùn, èmi náà máa ń sọ ọ́ fáwọn ọmọ ọmọ mi. Àmọ́ ojú ìwé akẹ́kọ̀ọ́ kọ́ ló yẹ ká ti máa bá a lọ.

Ó wá ku ti ẹni wa tó wà n'Ílọrin. Ó ní ekòló kì í ní ìkarahun. Ekòló inú oko wa ni kì í ní in. Nínú òkun, ìdílé ekòló kan wà tí wọ́n ń pè ní Serpulidae, kálísíọ̀mù ni wọ́n fi ń mọ páìpù tí wọ́n ń gbé títí dọjọ́ ikú. Ara ẹ̀ ní nǹkan kan bíi kọ́là lọ́rùn, abẹ́ ibẹ̀ lohun tó fi ń mọlé ti ń jáde, díẹ̀díẹ̀ á máa fi kún ẹnu páìpù, bó ṣe ń dàgbà bẹ́ẹ̀ nilé ń gùn. Orí ẹ̀ ní ìyẹ́ tó máa ń nà síta láti gba oúnjẹ kéékèèké tó ń fò kiri nínú omi, bí nǹkan bá sì bà á lẹ́rù, wéré lá ti fà sẹ́yìn wọlé, ọ̀pọ̀ nínú wọn tún ní ìdérí tí wọ́n fi ń dí ẹnu ọ̀nà lẹ́yìn ara wọn.

Kò sì dìgbà téèyàn bá lọ sétí òkun kó tó fojú ara ẹ̀ rí i. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń sin adìẹ ẹlẹ́yin bíi tèmi, ẹ mọ èèpo ọ́ísítà tí wọ́n ń tà ní fíídì mìlì, èyí tá a fi ń fún adìẹ ní kálísíọ̀mù kí èèpo ẹyin má baà fẹ́lẹ́. Kí wọ́n tó lọ̀ ọ́, ẹ ṣa èyí tó bá tóbi níbẹ̀, ẹ dojú ẹ̀ délẹ̀ kí ẹ̀yìn ẹ̀ wà lókè, ẹ fi omi àti búrọ́ọ̀ṣì fọ ẹrẹ̀ kúrò. Lára àwọn kan, ẹ máa rí páìpù funfun tín-ín-rín tí fífẹ̀ ẹ̀ ò ju míllímítà kan sí méjì lọ, ó lẹ̀ mọ́ èèpo yẹn gbágbágbá, ó ń rìn ségesège, òmíì gun orí òmíì, ẹnu ẹ̀ nìkan ló gbé sókè díẹ̀. Ekòló ló kọ́ ọ. Ọ̀kan wà níwájú mi bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí, ó ti ṣẹ́ lágbede méjì, mo tan tọ́ọ̀ṣì fóònù sí ojú ibi tó ṣẹ́, ihò kan ṣoṣo ló lọ gbọọrọ, kò sí ògiri tó dábùú ẹ̀ níbì kankan, inú ẹ̀ sì funfun báyìí láìdán. Bẹ́ ẹ bá fi èékánná ha ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ níta, ẹ máa mọ ìlà tó yí i ká lára lẹ́sẹẹsẹ, ibi tí ekòló ti dáwọ́ dúró nìyẹn tó tún bẹ̀rẹ̀.

Kì í ṣe tuntun náà o. Ní 1966, Sandison àti Hill tẹ ìwádìí kan jáde lórí àwọn ohun tó ń lẹ̀ mọ́ nǹkan ní hábọ̀ Èkó àtàwọn odò kéékèèké tó yí i ká, wọ́n ka ekòló méjì mọ́ ọn pẹ̀lú ọ́ísítà, ọ̀kan ni Hydroides uncinata, èkejì ni wọ́n ń pè nígbà yẹn ní Mercierella enigmatica, tí orúkọ ẹ̀ ti di Ficopomatus enigmaticus báyìí. Bí iyọ̀ ṣe pọ̀ tó nínú omi ni wọ́n fi ṣàlàyé ibi tí kálukú wọn ń gbé, torí nígbà òjò omi aláìníyọ̀ máa ń ya wọnú ọ̀sà, kì í ṣe gbogbo wọn ló lè fara dà á. Ẹ rọra fi ọ̀rọ̀ iyọ̀ yìí sọ́kàn, màá tún padà sí i.

Àmọ́ ìgbín náà wà, n ò ní parọ́ mọ́ ará Ìlọrin. Ìdílé tiwọn ni Vermetidae. Bó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ẹyin, ìgbín pátápátá ni, ìkarahun ẹ̀ kékeré, ó ká rẹgí bíi ti gbogbo ìgbín. Ìgbà tó bá wá rí òkúta tó wù ú, á lẹ ara ẹ̀ mọ́ ọn, ó tán, kò tún lọ síbì kankan mọ́ láyé ẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn ni ìkarahun ẹ̀ á ti gbàgbé bí wọ́n ṣe ń ká, á máa gùn lọ bó ṣe rí àyè, á kọ́rọ́, á na, á tún gun orí ará ilé ẹ̀. Torí kò lè rìn wá oúnjẹ, ikun ló fi ń ṣe àwọ̀n, á tú u sínú omi, ohun tó bá lẹ̀ mọ́ ọn, á fà á wọlé, á jẹ ẹ́ tòun tikun. Ẹni tó bá rí ìkarahun yẹn lófìfo láìrí ẹran tó wà nínú ẹ̀ á búra pé ekòló ni.

Etí òkun tiwa yìí ni wọ́n ti kọ́kọ́ wò ó dáadáa, ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà níbí. Ará Faransé kan, Michel Adanson, dé Sẹ̀nẹ̀gà ní 1749, ó ṣe ọdún mélòó kan níbẹ̀, nínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní Paris ní 1757 ló ti ṣàpèjúwe ìgbín yìí, nǹkan tí mo sì fẹ́ràn nípa bàbá yẹn ni pé ẹran inú ìkarahun ló ń wò, nígbà táwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ń kó ìkarahun tó rẹwà jọ sínú dúrọ́ọ̀. Ọdún kan lẹ́yìn ẹ̀, Linnaeus tí gbogbo ayé ń tẹ̀ lé lórí orúkọ ẹranko kó ekòló àti ìgbín sábẹ́ orúkọ kan, ó pe gbogbo wọn ní Serpula. Èyí tó pè ní Serpula arenaria, ìgbín ni, Thylacodes arenarius ni wọ́n ń pè é lónìí. Serpula anguina tiẹ̀ náà, ìgbín ni, ìdílé míì tó ń gbé inú spọ́ńjì òkun, ìkarahun ẹ̀ sì là lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan látòkè délẹ̀, Tenagodus ni wọ́n yí i padà sí. Ìgbà tó di 1800 ni Daudin, onímọ̀ ẹranko ará Faransé míì, tó fún àwọn ìgbín wa ní Vermetus gẹ́gẹ́ bí orúkọ tiwọn. Torí náà kí ẹnikẹ́ni má fi ẹ̀yin oníwèé ìròyìn ṣẹ̀sín, ẹni tó jù yín lọ ti kó wọn pọ̀ rí.

Wàyí o, báwo la ṣe ń mọ̀ ọ́n? Ibi tí páìpù ti bẹ̀rẹ̀ lèmi máa kọ́kọ́ wá, ìdí tó tín-ín-rín jù yẹn. Bó bá jẹ́ ìgbín, ẹ máa bá ìkarahun kékeré níbẹ̀ tó ká rẹgí, òyì méjì mẹ́ta, èyí tó ti ní kó tó lẹ̀ mọ́ òkúta, ó lè má tóbi ju orí abẹ́rẹ́ lọ, òmíì sì máa ń rí dúdúdúdú díẹ̀ ju ìyókù lọ. Ekòló ò ní irú ẹ̀ rárá, páìpù ni páìpù tiẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ibi tín-ín-rín yẹn ló máa ń kọ́kọ́ ṣẹ́, tàbí kó jẹ́ pé òun gan-an ti mọ ilé tiẹ̀ bò ó mọ́lẹ̀, nígbà míì ẹ̀dá mìíràn ti wá kọ́lé lé e lórí. Bẹ́ ẹ bá rí i, ẹjọ́ ti parí. Bẹ́ ò bá rí i, kò túmọ̀ sí pé ekòló ni o, àìrí i ni àìrí i, ẹ kọjá sí ibi tó ṣẹ́.

Níbi tó ṣẹ́, ẹ wò bóyá ògiri wà tó dábùú inú páìpù. Bí ìgbín yìí bá ti dàgbà, kì í gbé gbogbo ilé mọ́, iwájú ló máa ń sún sí, á wá mọ ògiri tẹ́ẹ́rẹ́ dí ẹ̀yìn ara ẹ̀, ó lè mọ ọ̀pọ̀ irú ẹ̀ kó tó kú, ògiri náà máa ń mọ́lẹ̀ kodoro, á tẹ̀ kòtò láàárín, kò ní iṣẹ́ ọnà kankan lára. Àwọn ekòló kan náà máa ń dí ẹ̀yìn ara wọn bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó ṣọ̀wọ́n, nítorí náà bẹ́ ẹ bá rí ògiri bẹ́ẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ nínú páìpù kan, ẹ jẹ́ kí ọkàn yín kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ ìgbín. Irú ìgbín kan tún wà, Petaloconchus, tó ní okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tó yọ sókè nínú ìkarahun, tó ń bá òyì lọ gbọọrọ gbọọrọ, ẹni tó bá gé e lẹ́gbẹ̀ẹ́ á rí i kedere. Ekòló ò lè ṣe irú ẹ̀.

Ara ògiri páìpù fúnra ẹ̀ ló kàn, ibí yìí ló dùn mọ́ mi jù. Ẹ fi ṣáńdípépà tó kúná dáadáa ha ojú ibi tó ṣẹ́ kó tẹ́jú, ẹ rin ín pẹ̀lú omi, ẹ wá gbé kámẹ́rà fóònù sún mọ́ ọn pẹ́kípẹ́kí. Ìkarahun ìgbín máa ń ní abala mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, èyí tó wà nínú pátápátá máa ń dán bíi abọ́ tánńganran, kódà nínú fósìlì, ìyẹn ohun tó ṣẹ́kù lára ẹ̀dá àtijọ́ nínú òkúta, bó bá ti ráyè yè é. Inú ti ekòló kì í sábà dán. Bí wọ́n bá wá là á ní gbọọrọ kí wọ́n sì fi awò ńlá wò ó, ti ekòló á dà bí ìgbà téèyàn to kọ́ọ̀pù róbà wọnú ara wọn, torí ẹnu páìpù nìkan ló ti ń fi kún un, àfikún kọ̀ọ̀kan ló sì ń gun orí èyí tó ṣáájú. Ti ìgbín ò rí bẹ́ẹ̀, ọ̀pá wẹ́wẹ́ tó dábùú ara wọn ló kún inú ẹ̀, irú èyí tó wà nínú ọ̀pọ̀ ìkarahun ìgbín yòókù. Ẹni tí òkúta yẹn bá wà lọ́wọ́ ẹ̀, Yunifásítì Ìlọrin ò jìnnà sí i, wọ́n ní ẹ̀ka tó ń kọ́ nípa òkúta, iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n gé òkúta fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ títí iná á fi lè gbà á kọjá.

Ẹ wá fún mi láyè kí n tú àwọn ẹ̀rí tí kì í ṣe ẹ̀rí ká. Ọ̀gbẹ́ni ará Ìlọrin ní ó ká, nítorí náà ìgbín ni. Rárá o. Àwọn ekòló kan wà, Spirorbis àtàwọn ẹbí ẹ̀, tí páìpù wọn ká rẹgí ju ti ọ̀pọ̀ ìgbín lọ, wọ́n kéré, wọ́n máa ń lẹ̀ mọ́ ewé òkun. Rotularia tún wà, ekòló tó gbé ayé nígbà tí àwọn dáínósọ̀ ṣì wà, tó sì ṣẹ́kù lẹ́yìn wọn, ó ká débi pé ọ̀pọ̀ ọdún làwọn ọ̀mọ̀wé kan fi kà á mọ́ ìgbín. Àwọn míì ní ìlà tó wà lára ẹ̀ níta làwọn fi mọ̀ ọ́n, bẹ́ẹ̀ àtekòló àtìgbín ló lè ní ìlà gbọọrọ àti ìlà tó yí ká. Ẹnì kan sì sọ nínú gúrúùpù WhatsApp ibí pé kí wọ́n kán áásìdì tàbí ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, bó bá hó, ìgbín ni! Jàre, méjèèjì á hó, kálísíọ̀mù kábónéètì ni wọ́n, èèpo ọ́ísítà mi náà á hó, òkúta mábù tí wọ́n ń wa ní Òrékè náà á hó. Áásìdì kàn lè bá yín ba fósìlì gidi jẹ́ lásán ni.

Èyí tó lè ràn wá lọ́wọ́ díẹ̀ ní lábù ni irú kálísíọ̀mù kábónéètì tó jẹ́, torí ó pín sí oríṣi, kálísáìtì àti arágónáìtì. Ti àwọn ìgbín wa yìí, arágónáìtì ni. Ti ekòló, òmíì kálísáìtì, òmíì arágónáìtì, òmíì dà á pọ̀. Oògùn kan wà tí wọ́n ń pè ní Feigl, bí wọ́n bá fi kun arágónáìtì, á dúdú, kálísáìtì ò ní tètè dúdú. Nítorí náà bí wọ́n bá rí i dájú pé kálísáìtì ni páìpù kan láti ọjọ́ tí wọ́n ti kọ́ ọ, ìgbín ti bọ́ nínú ọ̀rọ̀, àmọ́ bó bá jẹ́ arágónáìtì, a ò tíì débì kankan. Ọ̀rọ̀ "láti ọjọ́ tí wọ́n ti kọ́ ọ" yẹn ṣe pàtàkì, torí arágónáìtì kì í lè tọ́jọ́ nínú òkúta, omi á yọ́ ọ dànù tàbí kó sọ ọ́ di kálísáìtì, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé nínú ọ̀pọ̀ òkúta, àmì ibi tí ìkarahun ìgbín ti wà rí lẹ máa bá, ìkarahun ọ̀hún ti lọ.

Ọjọ́ orí òkúta náà ní tiẹ̀ láti sọ. Ìdílé Vermetidae ò pẹ́ láyé tó bẹ́ẹ̀, ìparí ìgbà dáínósọ̀ ni fósìlì wọn ti bẹ̀rẹ̀ sí í hàn, kò tó mílíọ̀nù 100 ọdún sẹ́yìn. Àwọn ekòló Serpulidae ti wà ṣáájú wọn, ó lé ní mílíọ̀nù 230 ọdún. Òkúta tó bá wá dàgbà ju ìyẹn lọ tí páìpù kékeré tó ká wà lára ẹ̀, ó ṣeé ṣe kó má jẹ́ ìgbín kó má sì jẹ́ ekòló, ẹ̀dá kẹta kan wà tó ti parun, tí wọ́n ń pè ní microconchid. Spirorbis ni wọ́n ń kọ sára wọn nínú mùsíọ́ọ̀mù fún ọ̀pọ̀ ọdún, títí tí Paul Taylor àti Olev Vinn fi kọ̀wé lórí ẹ̀ ní 2006 pé wọ́n kàn jọra ni. Kí ni wọ́n sì wò? Ìbẹ̀rẹ̀ páìpù. Ti microconchid dí roboto níbẹ̀, ti ekòló ṣí sílẹ̀.

Ìyẹn ló jẹ́ kó dùn mí pé ẹ ò sọ ibi tí òkúta yẹn ti wá. Ẹni tó fi fọ́tò ránṣẹ́ ní "nítòsí Ọmù-Àrán", ó tán. Ilẹ̀ gúúsù Kwara tá a wà lórí ẹ̀ yìí, láti Ọ̀fà dé Òrò dé Ọmù-Àrán, òkúta gíránáìtì àtàwọn ẹbí ẹ̀ ni, ó ju mílíọ̀nù 500 ọdún lọ, inú iná àti ìtẹ̀mọ́lẹ̀ abẹ́ ilẹ̀ ló ti jáde, kò sí bí ìkarahun òkun ṣe máa wà nínú ẹ̀. Ìlà funfun tẹ́ ẹ̀ ń rí tó ń lọ́ kiri lára àpáta, òkúta míì ló gba ibi tó ti sán wọlé, kò ní ihò, kò ní ẹnu. Bó bá sì jẹ́ yangí ló ti rí i, ìyẹn tún yàtọ̀, yangí máa ń ní ihò tó lọ́ kiri nínú ara ẹ̀, omi àti gbòǹgbò ló ṣe òmíì, ikán ló ṣe òmíì, ẹ wo etí ihò náà, kò ní ògiri funfun tiẹ̀, yangí lẹ máa bá dé etí. Bẹ́ẹ̀ náà ni ihò téèyàn lu. Àwọn baba wa n'Ílọrin tó ń lu ìlẹ̀kẹ̀ lántánà, èyí tí wọ́n ń fi òkúta pupa ṣe, láyé ọjọ́sí, ihò tí wọ́n bá dá sínú òkúta yẹn, ara òkúta náà ló yí i ká, àmọ́ páìpù ẹ̀dá òkun ní ògiri tiẹ̀ tó ṣeé yà sọ́tọ̀ kúrò lára òkúta tó wà nínú ẹ̀.

Nítorí náà bí páìpù inú fọ́tò yẹn bá jẹ́ ti òkun lóòótọ́, èmi ń fura pé ọkọ̀ ló gbé òkúta yẹn wá. Ó lè jẹ́ láti ọ̀nà Ewékorò tàbí Ṣàgámù, níbi tí wọ́n ti ń wa òkúta símẹ́ńtì. Ilẹ̀ òkun làwọn ibẹ̀ rí, òkúta Ewékorò ti pé bíi mílíọ̀nù 60 ọdún, Ọ̀jọ̀gbọ́n Adégòkè ti Yunifásítì Ifẹ̀ ṣe iṣẹ́ ńlá lórí àwọn ìkarahun inú ẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1977. Bó bá jẹ́ ibẹ̀ ni, ọjọ́ orí òkúta náà gba ekòló láyè, ó sì gba ìgbín láyè, a tún padà síbi ìbẹ̀rẹ̀ páìpù nìyẹn.

Ẹlòmíì á ní kí ló kàn mí, kí ni iyàtọ̀ fẹ́ ṣe fún ẹni tó ń ta ẹyin. Ẹ rántí ọ̀rọ̀ iyọ̀ tí mo ní kẹ́ ẹ fi sọ́kàn. Ficopomatus lè gbé inú omi tí iyọ̀ ẹ̀ kéré, kódà ó máa ń kọ́lé jọ bí òkìtì nínú ọ̀sà. Ekòló Serpulidae yòókù wà káàkiri, látorí òkúta etí omi dé ìsàlẹ̀ òkun níbi tí oòrùn ò dé. Ìgbín Vermetidae ní tiẹ̀, òkun tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ tó sì níyọ̀ ló fẹ́ràn, àwọn kan nínú wọn sì wà tí kì í kúrò ní ìwọ̀nba ibi tí omi ń fà sí tó sì ń padà wá. Dendropoma ní Òkun Mẹditaréníà, Petaloconchus varians ní Bràsílì, àwọn onímọ̀ máa ń lọ wá ìkarahun wọn àtijọ́ lára àpáta, wọ́n á fi káábọ̀nù 14 wọ̀n ọjọ́ orí ẹ̀, wọ́n á wá fi sọ ibi tí ojú òkun dé lọ́dún náà lọ́hùn-ún. Bí ẹni tó ń wọ̀n ọ́n bá wá lọ pe ekòló tó lè gbé ibikíbi ní ìgbín tó ń gbé etí omi, mítà mélòó ló máa fi ṣìnà? Èmi rò pé ìyẹn tó nǹkan téèyàn ń tìtorí ẹ̀ bínú sí àkọlé fọ́tò.

Olóòtú, ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ò pọ̀. Ẹ kàn sí ẹni tó ni òkúta yẹn, ẹ ní kó ya ibi tí páìpù ti ṣẹ́, kó ya ìdí ẹ̀ tó tín-ín-rín jù, kó fi rúlà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ ká lè mọ bó ṣe tóbi tó, kó má fọ́ ọ, kó má kán nǹkan kan sí i. Kó sì sọ òótọ́ fún yín, ṣé àpáta ló ti gé e, àbí àárín òkúta tí títípà kó wá fún ìpìlẹ̀ ilé ló ti ṣà á. Bẹ́ ẹ bá ti rí fọ́tò yẹn gbà, ẹ tẹ̀ ẹ́ síbi kan náà tẹ́ ẹ tẹ ti àkọ́kọ́ sí, lójú ìwé àwọn akẹ́kọ̀ọ́, kẹ́ ẹ má sì kọ orúkọ kankan sábẹ́ ẹ̀ títí àwọn ọmọ á fi dáhùn. Èmi náà á ra pépà ọ̀sẹ̀ yẹn.

Èmi ni tiyín,
Bàbá Aládìẹ, Ọ̀fà